Ta Ló Di Eṣinṣin Mú Lókè Àjà?

Ẹni tó wà níta, kó yára wọlé. Ẹni tó súnmọ́ rédíò, kó jọ̀wọ́ gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn tó kù lè gbọ́. Ó dára. Ẹ gbójú sókè báyìí, kí ẹ wo àjà ilé yín. Ṣé eṣinṣin wà níbẹ̀? Àbí ẹ̀fọn? Àbí àwọn èèrà ló ń tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná? Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má lé e. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo bá wá lónìí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí ẹní kan náà ni èmi àti ìyá mi àgbà máa ń sùn. Wọ́n á yí iná àtùpà wálẹ̀, èmi á nà gbalaja, màá sì máa wo òkè. Pákó ni àjà ilé wa nígbà náà, ẹ̀fín ti sọ ọ́ di dúdú. Àwọn eṣinṣin tó ti ń dà wá láàmú láti àárọ̀ á ti lọ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa. Lọ́jọ́ kan mo bi ìyá àgbà pé, "Ìyá, ta ló di wọ́n mú? Kí ló dé tí wọn kì í já lù wá?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní. Bí ìwọ náà bá ní mẹ́fà, o ò ní í ṣubú." Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá rò ó pé tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kò lè lẹ̀ mọ́ àjà. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ ká wá lọ.

Ilẹ̀ ń fa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Òkúta tí ẹ bá jù sókè, yóò padà wá. Mángòrò tó pọ́n, bó bá já lórí igi, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ilẹ̀ kò yọ eṣinṣin sílẹ̀: bó ti ń fa mángòrò ló ń fa òun náà, tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, eṣinṣin tó dorí kodò lókè yẹn, bó tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Nǹkan kan ń bẹ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àjà tó borí fífà tí ilẹ̀ ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo aláǹgbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe kòkòrò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ará ilé ni wọ́n ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti wo aláǹgbá lára ògiri pẹ́. Èékánná ni aláǹgbá fi ń gun òkè. Ògiri alámọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́ ní yanrìn tó yọ síta. Ibẹ̀ ni èékánná rẹ̀ ti ń rí nǹkan kọ́. Ṣùgbọ́n bó bá já sínú garawa oníke, ẹ wá wò ó: yóò sáré, yóò gun díẹ̀, yóò yọ̀ padà. Ojú garawa dán, kò lanu fún un.

Kòkòrò náà ní èékánná. Méjì-méjì ló wà lẹ́nu ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ẹ rántí bí èèmọ́ ṣe máa ń gbá aṣọ mú nígbà tí a bá gba inú igbó kọjá. Bákan náà ni èékánná eṣinṣin ṣe ń kọ́ àjà pákó ilé ìyá àgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ǹ bá dákẹ́, ǹ bá ní kí wọ́n fi orin sí i. Ṣùgbọ́n eṣinṣin tó wà lára fèrèsé dígí ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ ra dígí yẹn wò. Kí ni èékánná fẹ́ kọ́ níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń da ọkàn àwọn ènìyàn láàmú tipẹ́. Ní 1665, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Hooke tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Micrographia ni orúkọ ìwé náà. Ó ní awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú ẹni, èyí tí à ń pè ní máíkírósíkóòpù, ó sì gbé ẹsẹ̀ eṣinṣin sábẹ́ rẹ̀. Ó rí èékánná méjì. Lábẹ́ wọn ó tún rí ohun méjì bí àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré, irun wẹ́wẹ́ sì kún wọn fọ́fọ́. Hooke ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ dára gan-an. Ó rò ó pé kò sí dígí tó dán tán, pé ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lójú rẹ̀, pé irun wọ̀nyẹn ló sì ń gbá ìdọ̀tí náà mú. Irun tó rí yẹn, òótọ́ ni. Iṣẹ́ tó ní irun ń ṣe ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní rárá, ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ eṣinṣin ń fa afẹ́fẹ́ ni. Ẹ mú ife oníke kékeré, ẹ fi bo ẹnu yín, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mu díẹ̀. Ẹ yọ ọwọ́. Ife kò já, àbí? Afẹ́fẹ́ ìta ló ń tì í mọ́ yín lẹ́nu, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti dínkù. Ní 1816, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Íńgláǹdì, Everard Home, kọ̀wé pé báyìí ni ẹsẹ̀ eṣinṣin ṣe ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Nǹkan bí 1830 ni ọmọ Íńgláǹdì mìíràn, John Blackwall, wá ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kàn bi eṣinṣin fúnra rẹ̀ ni. Ó kó eṣinṣin sínú ìgò, ó sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ìgò náà. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tì wọ́n mọ́ dígí, ó yẹ kí gbogbo wọn já sílẹ̀. Wọn kò já. Wọ́n ṣì ń rìn gun ara ìgò náà.

Kí ló wá kù?

Ẹ jẹ́ ká padà sí irun tí Hooke rí. Lábẹ́ ẹsẹ̀ eṣinṣin kọ̀ọ̀kan, tìmùtìmù kékeré méjì ló wà, ọ̀kan lábẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun ló bo àwọn tìmùtìmù yìí, ẹnu irun kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ díẹ̀, bí ẹnu ṣíbí. Kí ló fẹ́ fi irun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ ronú nípa ìgbálẹ̀. Bí ẹ bá gbé pákó gbọọrọ lé ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, ibi mélòó kan péré ni yóò fara kan ilẹ̀, àlàfo ló máa wà lábẹ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìgbálẹ̀ lé ilẹ̀ yẹn kan náà, ọwọ̀ kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ lọ sí ibi tirẹ̀: èyí á wọnú kòtò, èyí á gun orí òkè, gbogbo wọn á fara kanlẹ̀. Dígí tó dán lójú wa náà ní kòtò àti òkè tirẹ̀, wọ́n kàn kéré ju ohun tí ojú wa lè rí lọ ni. Irun eṣinṣin ń bá a rìn bí ìgbálẹ̀ ṣe ń bá ilẹ̀ rìn.

Irun nìkan kọ́ o. Ó lómi. Òróró tó ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jáde sí ẹnu àwọn irun yẹn, ó kéré débi pé ibi tí eṣinṣin bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lára dígí, ẹ̀kán òróró rẹ̀ tó ṣẹ́kù síbẹ̀, máíkírósíkóòpù la fi ń rí i. Eṣinṣin ń fi ipa ẹsẹ̀ sára fèrèsé wa lójoojúmọ́ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀ wọlé, a kò kàn rí i ni.

Báwo ni òróró ṣe ń di nǹkan mú, nígbà tí òróró máa ń yọ̀? Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan wò. Ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí ẹ ti mu tán. Ẹ là á, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi lé ara fèrèsé dígí. Ẹ yọ ọwọ́: ó já. Ó dára. Ẹ wá ta omi díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ tún fi lé ibẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́! Omi fẹ́ràn dígí, ó sì fẹ́ràn ara rẹ̀. Nígbà tó bá di awẹ́ tín-ín-rín láàárín nǹkan méjì, ńṣe ló máa ń fà wọ́n pọ̀, kì í fẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá da omi lé e lórí gan-an, ọ̀rá náà á máa yọ̀ lọ sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí òróró ẹsẹ̀ eṣinṣin wúlò nìyẹn: ó kéré. Nígbà tí ẹ bá sì pín in sí ẹnu ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń fa tirẹ̀.

Gbogbo kòkòrò kọ́ ló nírun lẹ́sẹ̀ báyìí. Tìmùtìmù ti aáyán, ti tata, ti oyin àti ti èèrà kò ní irun, ó dán, ó sì rọ̀ bí iyán tó kúnná. Ibi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń gba ìrísí ibẹ̀. Òróró wà lábẹ́ tiwọn náà.

Ọmọ kan á ti máa sọ ní ọkàn rẹ̀ báyìí pé, "Ọmọńlé ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Ọmọńlé kì í ṣe kòkòrò, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó sì ní eegun nínú. Ṣùgbọ́n irun ló wà lábẹ́ ìka rẹ̀ náà, gbígbẹ ni, kò dà bíi ti eṣinṣin. Kò fi òróró kankan sí i. Ọmọńlé ńlá kan wà ní ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní tokay, irun bí 500,000 ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹnu irun kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní 2000, Kellar Autumn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára irun kan ṣoṣo nínú wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí nǹkan méjì bá súnmọ́ra débi tí àyè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàárín wọn mọ́, wọ́n máa ń fa ara wọn díẹ̀. Díẹ̀ náà kéré jọjọ. Ẹnu irun ọmọńlé ló pọ̀. Aláǹtakùn tó ń rìn lára dígí náà, gbígbẹ ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù la dé yìí. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè bí eṣinṣin ṣe ń lẹ̀ mọ́ àjà. Ìwọ̀nba ló ń béèrè bó ṣe ń kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àtè la fi ń mú ẹyẹ. A ó lọ gba oje igi, a ó sè é kó le, a ó fi ra ẹ̀ka igi. Ẹyẹ tó bá bà lé e, ó tán. Bó bá fa ẹsẹ̀ kan, ìyẹ́ á lẹ̀. Bó bá fa ìyẹ́, ìrù á lẹ̀. Àtè mọ bí a ti ń di nǹkan mú, kò mọ bí a ti ń tú u sílẹ̀. Bó bá jẹ́ irú àtè yẹn ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ eṣinṣin, ibi tó bá kọ́kọ́ bà sí ni yóò gbé títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti ń sáré lára dígí! Ìṣísẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń lẹ̀, ó ń kúrò, ó ń lẹ̀, ó ń kúrò. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lu ibẹ̀, ó ti lọ.

Ta ló lè là á yé wa? Ẹlẹ́mu ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé abúlé rí, ẹ ti rí i bó ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Igbà yẹn yí ọ̀pẹ ká, ó sì yí òun náà ká. Bó bá fara ti ẹ̀yìn, igbà á le, á gbá ọ̀pẹ mú pinpin, kò sí ohun tó lè já a sílẹ̀. Bó bá fẹ́ gòkè sí i, ńṣe ló máa ń súnmọ́ ọ̀pẹ díẹ̀. Igbà á dẹ̀, yóò sì jù ú sókè. Igbà kan náà ni o. Bó ti le yẹn àti bó ti dẹ̀ yẹn, ibi tí ó fi ara sí ló fà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tìmùtìmù kòkòrò rí. Bó bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara, tìmùtìmù á tẹ́, á lẹ̀ gan-an. Bó bá ti ẹsẹ̀ náà lọ síwájú kúrò lára, tìmùtìmù á dẹ̀, á jọ̀wọ́ àjà.

Ó tún ní ọgbọ́n kejì. Ẹ rántí bí a ti ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ gbígbóná. A kì í di àárín ewé mú ká wá fà á sókè. Etí rẹ̀ la ń mú, a ó máa ká a kúrò díẹ̀díẹ̀, kò ní í mú ẹ̀kọ dání. Eṣinṣin náà kì í já gbogbo irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Stanislav Gorb àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì ti wo ẹsẹ̀ eṣinṣin fún ọdún púpọ̀: nígbà mìíràn ó máa ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn á fi èékánná gbé tìmùtìmù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fi ọ̀bẹ ṣí ìdérí agolo mílíìkì. Irun tó wà létí á kọ́kọ́ jáde, àwọn tó kù á sì tẹ̀lé e.

Kòkòrò kan wà ní Florida, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ ewé igi kan tó jọ ọ̀pẹ. Ó láwọ̀ aró, ó sì ní ìgbá lẹ́yìn bí ahun. Irun abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó 60,000, ẹnu irun kọ̀ọ̀kan sì pín sí méjì. Bó bá ń lọ jẹ́jẹ́, díẹ̀ nínú irun yẹn ló ń fi rìn. Ṣùgbọ́n bí èèrà bá dé láti pa á jẹ, yóò gbé gbogbo 60,000 lé ewé lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 2000, Thomas Eisner àti Daniel Aneshansley so nǹkan mọ́ ọn, wọ́n ń fà á. Wọ́n fi ohun tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 60 fà á fún ìṣẹ́jú 2, kò jọ̀wọ́ ibi tó wà. Nígbà tó bá rẹ èèrà, tí èèrà bá lọ, kòkòrò yìí á gbé irun rẹ̀ nílẹ̀, á tún máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Nílé wa níbí náà, ẹ wo èèrà pupa tó ń so ewé pọ̀ kọ́lé lórí igi kòkó, igi obì àti igi mángòrò, èyí tó máa ń jẹ yín nígbà tí ẹ bá gun igi láìgbàṣẹ. Nígbà tí irú èèrà yìí àti oyin bá ń rìn lórí èèpo igi, èékánná ni wọ́n ń lò, tìmùtìmù wọn á ká sókè, kò ní í dọ̀tí. Bí èékánná bá wá yọ̀, tí kò rí nǹkan kọ́, bí èèrà ti ń fa ẹsẹ̀ ni tìmùtìmù yóò là, bí agbòòrùn tí a ṣí. Kò dúró rò ó rárá. Fífà tó fà á náà ló ṣí i. Ní Yunifásítì Cambridge, Thomas Endlein ya fọ́tò ìbátan èèrà wa yìí láti Éṣíà, ó dorí kodò lára ohun tó dán bíi dígí, ó sì fi ẹnu gbé ohun tó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 100. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó wúwo ní kílò 30, tó ń rọ̀ láti àjà, tó wá fi eyín gbé kílò 3,000. Ó tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì!

Ṣé èèrà lágbára jù yín lọ ni? Rárá. Ó kéré jù yín lọ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣúgà onígun, èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí, ṣàlàyé. Ẹ gbé ẹyọ kan kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ kan ló ní, ìwúwo ṣúgà kan ni ìsàlẹ̀ náà sì ń gbé. Ẹ wá to ṣúgà kọ́ ilé kan tó jẹ́ méjì ní gígùn, méjì ní fífẹ̀, méjì ní gíga. Ẹ kà á: ṣúgà 8. Ẹ ka àwọn tó fara kanlẹ̀: 4 péré. Ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gbé ṣúgà méjì. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ṣúgà 1,000 ni, 100 ló fara kanlẹ̀, ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé 10. Bí nǹkan bá ṣe ń tóbi sí i, ìwúwo rẹ̀ ń sáré ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Eṣinṣin ilé gùn tó mìlímítà 7, ó sì wúwo tó mílígíráàmù 12. A ó kó eṣinṣin tó lé ní 400 jọ kí wọ́n tó wúwo tó omi inú ṣíbí tíì kan. Ọmọ tó ga ní mítà 1.4 gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 200. Ẹ fi ṣúgà ro ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà máa gbé.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Cambridge bá wa ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní bí àgbàlagbà bá fẹ́ gun ògiri bí ọmọńlé ti ń gùn ún, nǹkan bí ìdá 40 nínú ìdá 100 ara rẹ̀ ló máa bo pẹ̀lú ohun tó ń lẹ̀. Bó bá sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ nìkan ṣe é, bàtà oní-145 ló máa wọ̀. Ẹ bi bàbá yín ní nọ́ńbà bàtà wọn, kí ẹ fi wé e. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá rí i nínú fíìmù pé ènìyàn ń gun ògiri bí aláǹtakùn, kó jókòó wò ó nílẹ̀ ni o. Kó má gun ògiri.

Ìyá àgbà náà kò ṣì í tán. Ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Bí kòkòrò bá ń rìn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé, mẹ́ta ló ń fi sílẹ̀: ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lápá kan, pẹ̀lú ti àárín lápá kejì. Ẹ fa ìlà sí i, igun mẹ́ta ló máa yọ, bí ààrò tí ìyá yín gbé ìkòkò lé. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ká ní ẹsẹ̀ méjì ni eṣinṣin ní bíi tiwa, bó bá gbé ọ̀kan kúrò lókè àjà, ọ̀kan péré ni yóò kù tó dì í mú.

Ẹ ti rí eṣinṣin tó ń ra ọwọ́ pọ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń nù. Irun tó dọ̀tí kò lè lẹ̀ dáadáa, erùpẹ̀ á ti gba àyè tó yẹ kó fara kan dígí. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ yẹn tọ́ oúnjẹ wò, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó nù ún tó, irun ló jẹ́, ó sì lómi. Ohun tó bá bà lé ní ààtàn, kòkòrò àrùn tí ojú kò rí, ń bá a lọ sórí oúnjẹ yín. Ìdí tí ìyá yín fi ń pariwo pé kí ẹ dé ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹ̀fọn tó gbé ibà lè mu ẹ̀jẹ̀ tó wúwo tó òun fúnra rẹ̀, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti mu ún tán, kò lè fò jìnnà; ara ògiri tó wà nítòsí ló máa ń lọ bà lé, yóò sì sinmi. Àwọn elétò ìlera mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tó wáyé láti 1969 sí 1976 ní Garki, lápá àríwá Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba wa fín oògùn sára ògiri ilé àwọn ènìyàn, kí ẹ̀fọn tó bá bà lé e lè kú. Ẹ̀fọn dínkù gan-an. Ibà kò tán, nítorí àwọn ẹ̀fọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti mu ẹ̀jẹ̀ tán, ìta ni wọ́n ń lọ sinmi, wọn kì í bà lé ògiri. Ẹ rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ kòkòrò bà sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ó ku ohun kan tí ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Báwo ni eṣinṣin tó ń fò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, ṣe ń dé àjà tí yóò wá dorí kodò? Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ya fíìmù rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó yára púpọ̀. Eṣinṣin náà á fò lọ sókè, bó bá kù díẹ̀ á yí ara rẹ̀ lójijì nínú afẹ́fẹ́, á na àwọn ẹsẹ̀ iwájú síta. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ kan àjà. Wọ́n á lẹ̀, ara tó kù á fì yípo lórí wọn bí ọmọ tó ń fi ẹ̀ka igi jangirọ́fà, ẹsẹ̀ mẹ́rin yòókù á wá gúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò tíì pé.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó pa iná, ẹ tún wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Eṣinṣin kì í sábà fò nínú òkùnkùn. Èyí tí ẹ bá rí lókè àjà yẹn, ibẹ̀ ló ti fẹ́ sùn: èékánná 12, tìmùtìmù 12, òróró tí kò tó nǹkan. Bí ẹ bá tètè jí, kí oòrùn tó mú, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ ó dúró wò ó títí yóò fi gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó dàárọ̀ o.